Agogo Ìsinmi Ọmọ Ilé-Ìwé: Ẹ Má Ṣe Gbà Á Lọ́wọ́ Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ agogo kan ni, agogo tí a ń lù ní ilé-ìwé nígbà tí oòrùn bá ti ń gun òkè, tí àwọn ọmọ fi ń tú jáde síta bí oyin tí ó kúrò nínú afárá. Bíréèkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Àwa yóò pè é ní àkókò ìsinmi. Ohun tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò sì pọ̀: apá kan ni àkókò yìí jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ tí òbí rán ọmọ lọ gbà, ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe nítorí ìjìyà, ìbáà ṣe nítorí ìdánwò, ìbáà sì ṣe nítorí àìsí ilẹ̀.

Bí a bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ni gbọ̀ngbọ̀n, ẹ jẹ́ kí a wo Ìjànìkin, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́. Ìlú àwọn Àwórì ni, ṣùgbọ́n ìlú ilé-ìwé ni pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà, tí àwọn ọmọ ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti gbé ibẹ̀ kàwé. Ní Ọ̀tọ̀-Ìjànìkin náà ni ilé-ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà wà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ọdún 2022. Bí a bá rìn padà sí apá Èkó díẹ̀, a ó kan yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní Ọ̀jọ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Bí a bá sì tẹ̀ síwájú, Àgbádárìgì ni a ó bọ́ sí, níbi tí àwọn ajíhìnrere ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ wa ní ABD ní àwọn ọdún 1840. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ìwé fi wọ ilẹ̀ wa ni ọ̀nà yìí. Bí a bá ń ṣi ọmọ kọ́ níbẹ̀, níbo ni a ó ti wá kọ́ ọ dáradára?

A kò sọ pé a kò kọ́ àwọn ọmọ náà níwèé. A ń kọ́ wọn, a tilẹ̀ ń kọ́ wọn ní àkọ́jù nígbà mìíràn. Ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ilé, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni a ti jí i, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí gbogbo ẹni tí ń gba ọ̀nà Ìjànìkin, Okokomáíkò àti Ìbà mọ̀. Nínú ọkọ̀ ni yóò ti máa tòògbé. Nígbà tí ó bá dé kíláàsì, ẹ̀kọ́ kan yóò tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí ilé-ìwé bá sì parí, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí a ń pè ní lẹ́sìnì yóò tún dè é mọ́lẹ̀. Láàrin gbogbo èyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó jẹ́ tirẹ̀: ìṣẹ́jú tí ó lè mu omi, tí ó lè jẹun, tí ó lè sáré, tí ó lè rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ni olè mẹ́ta ń jà lé lórí.

Olè kìíní ni ìjìyà. Ọmọ kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tàbí ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí olùkọ́ ń kọ̀wé sí ojú pátákó, olùkọ́ a ní, "Ìwọ kò ní jáde nígbà tí agogo bá lù." Ó dà bí ìjìyà tí kò ní ẹgba nínú, òbí púpọ̀ sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ta ni ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́? Ọmọ tí ara rẹ̀ ń ta ni, tí ó yẹ kí ó sáré ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òun gan-an ni a wá dè mọ́ bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ yóò ta ju ti ìṣáájú lọ, yóò tún ṣẹ̀, a ó sì tún dè é lọ́la. Ẹni tí ó fi àìsùn wo ẹni tí ń tòògbé sàn, ṣé a ó pe onítọ̀hún ní oníṣègùn?

Olè kejì ni ìdánwò. Bí ìdánwò ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti ń súnmọ́, àkókò ìsinmi ni a kọ́kọ́ ń gé. Olùkọ́ a máa wí pé ìwé kò tíì parí, pé kí àwọn ọmọ da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ kí wọ́n tó jáde. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá yóò rí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá yóò máa gbọ́ ariwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé títí agogo yóò fi tún lù. Ẹni tí ìsinmi tọ́ sí jù ni kì í rí i.

Olè kẹta ni ó burú jù, nítorí pé òun kì í mú lónìí kí ó dá a padà lọ́la. Èyí ni àìsí ilẹ̀. Ẹ rìn wọ inú àwọn òpópónà tí ó yà kúrò lára títì ńlá, ẹ ó rí pátákó ilé-ìwé aládàáni lára ilé tí a kọ́ fún gbígbé. Yàrá ìbùsùn ti di kíláàsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di ibi ìpéjọ àárọ̀, ìwọ̀nba àgbàlá tí ó kù sì ni ọkọ̀ onílé àti ẹ̀rọ iná gbà. Agogo ń lù níbẹ̀ bí ó ti ń lù níbòmíràn, ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ọmọ yóò jáde sí? Wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà tí wọ́n ti wà láti àárọ̀, wọn a ṣí àwo oúnjẹ wọn, wọn a jẹ, wọn a tún dé e. Àkókò oúnjẹ ni èyí. Àkókò ìsinmi kọ́.

Àwa kò kórìíra àwọn ilé-ìwé aládàáni. Bí kò bá sí wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìbá máa rìn kiri ìgboro, nítorí pé àwọn ènìyàn ti pọ̀ sí i ní agbègbè Ọ̀jọ́ ju ohun tí ilé-ìwé ìjọba nìkan lè gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ta omi, ó ní láti ní kànga. Ẹni tí ó sì fẹ́ kọ́ ọmọ, ó ní láti ní ilẹ̀ tí ọmọ lè tẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé: kí ni eré ń ṣe fún ẹ̀kọ́? Ẹ jẹ́ kí a dáhùn láti inú òwò tí a ń ṣe. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ ní Alábà tàbí tí ẹ ń pàtẹ létí títì, ẹ mọ̀ pé bí ẹni kan bá ka owó láti àárọ̀ di ọ̀sán láì gbé ojú sókè, àṣìkà ni yóò máa kà nígbẹ̀yìn. Àgbẹ̀ pàápàá, nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, abẹ́ igi ni í wọ̀. Kò sí ẹni tí í pè é ní ọ̀lẹ. Ó mọ̀ pé ebè tí òun yóò kọ nígbà tí ara bá tutù yóò tọ́ ju èyí tí òun fi àárẹ̀ kọ lọ. Bí ó bá rí báyìí fún àgbà tí egungun rẹ̀ ti gbó, mélòó mélòó ni ọmọ ọdún mẹ́fà?

Àwọn tí ó fi ìwádìí ṣe iṣẹ́ ti rí ohun kan náà. Anthony Pellegrini, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, fi ọdún púpọ̀ ṣọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì àti ní pápá eré. Ó rí i pé bí a bá ṣe ń pẹ́ tó kí a tó jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn ṣe ń kúrò lára ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì ti ìta padà wọlé, ojú wọn a tún mọ́ sí iṣẹ́. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ jáde pé àkókò ìsinmi ṣe pàtàkì fún ara ọmọ, fún ọkàn rẹ̀ àti fún ìwà rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́. Wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé kò yẹ kí a fi í du ọmọ, yálà láti jẹ ẹ́ níyà tàbí nítorí ẹ̀kọ́ inú ìwé. Oníṣègùn ni ó sọ èyí, kì í ṣe ọmọdé tí ó fẹ́ràn eré.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ ní ìta tí olùkọ́ kankan kò kọ́ wọn. Ẹ wo àwọn ọmọ tí ń ta sùwé. Wọn a fi igi tàbí ẹfun fa ilà sílẹ̀, wọn a pín in sí yàrá yàrá, wọn a sì máa fi ẹsẹ̀ kan fò ó láì tẹ ilà. Ta ni ó fi òfin eré náà lélẹ̀? Àwọn fúnra wọn ni. Bí ẹnìkan bá tẹ ilà tí ó sì ní òun kò tẹ̀ ẹ́, ẹjọ́ dé nìyẹn: ẹlẹ́rìí yóò wà, adájọ́ yóò wà, ẹni tí ó jẹ̀bi yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí kí eré náà dàrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bojúbojú, bẹ́ẹ̀ ni tẹ́n-tẹ́n tí àwọn ọmọbìnrin ń fi àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọkùnrin ń fi àkísà tàbí ọ̀rá dì. Ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti ń gba àyò láì jà, tí ó sì mọ bí a ti ń jẹ àyò láì fi ẹnikéjì ṣẹ̀sín, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí àgbà púpọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kò tíì mọ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Ọ̀sán jẹ́ ti iṣẹ́. Nígbà tí òṣùpá bá là ní alẹ́, agbo eré a kún, àwọn ọmọ a máa ṣe ẹkùn mẹ́ran, àlọ́ àti ìtàn a sì máa tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó ka eré òṣùpá sí ìfàkókò-ṣòfò, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ orin, tí ń mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ń mọ ẹni tí í ṣe ọ̀rẹ́ àti ẹni tí í ṣe ẹlẹ́tàn. Lónìí, iná mànàmáná, ọ̀nà jíjìn, àti ìbẹ̀rù ọkọ̀ àti ti gbọ́mọgbọ́mọ ti lé àwọn ọmọ wọ inú ilé ní alẹ́; ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti fóònù ni wọ́n ń bá ṣeré. Àgbàlá ilé-ìwé ni ó kù tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí òṣùpá ń ṣe fún wa. Bí a bá tún gba ìyẹn, kí ni a fi sílẹ̀ fún wọn?

Ohun kan sì wà tí ó kan agbègbè wa yìí ní pàtó. Ọmọ Àwórì, ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ìgbò tí baba rẹ̀ ń ṣòwò ní Alábà, gbogbo wọn ni ó ń jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan. Nínú kíláàsì, ojú pátákó ni gbogbo wọn kọjú sí, wọn kò kọjú sí ara wọn. Nígbà tí agogo bá lù ni ọ̀kan ń kọ́ èdè èkejì, tí wọ́n ń pín ẹ̀pà àti àkàrà, tí ọmọ ń mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà òun náà lè gbá bọ́ọ̀lù sí òun lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò jọ máa tà tí wọn yóò jọ máa rà lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe a máa dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ nígbà tí ọjà bá le.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí ó yẹ kí àwọn onílé-ìwé wa gbọ́. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, pinnu pé kí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn fi àkókò ìsinmi sílẹ̀, kí ọmọ lè túbọ̀ máa kàwé, kí èsì ìdánwò lè dára sí i. Wọ́n dé orí pé wọ́n kọ́ ilé-ìwé tuntun láì fi pápá eré sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, ìpínlẹ̀ Georgia kan náà ṣe é lófin pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa fún ọmọ ní àkókò ìsinmi lójoojúmọ́, àfi ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe eré ìdárayá. Ìpínlẹ̀ Florida tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2017, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ní ilẹ̀ Finland, tí gbogbo ayé ń yìn nítorí ẹ̀kọ́, àṣà wọn láti ìgbà pípẹ́ ni pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kàn. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn gbà tí ó sì ṣẹ́rí padà níbẹ̀, kí ni a tún ń wá lọ síbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a gbàgbé ìtàn tiwa. Àwọn tí ó dàgbà ní Èkó rántí ìgbà tí ilé-ìwé pín sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán nítorí pé yàrá kò tó: àwọn kan ń jáde, àwọn kan ń wọlé, kíláàsì kì í sì í tutù. Ọjọ́ tí a bá ti gé sí méjì fún agbo ọmọ méjì, ìsinmi kò lè gbòòrò nínú rẹ̀. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó fi òpin sí ètò náà. Nígbà tí ó fi di 1980, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kíláàsì káàkiri ìpínlẹ̀ ní kíákíá, kí gbogbo ọmọ lè máa lọ ní àárọ̀. Àwọn kan fi àwọn ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó jókòó nínú wọn rí odindi ọjọ́ ilé-ìwé kan gbà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa ni pé ìjọba tí ó bá fẹ́ lè dá àkókò padà fún ọmọ. Ohun tí a ń béèrè lónìí kò tó ìyẹn ní ìnáwó.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1989, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Abala kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti sí eré tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Nàìjíríà fara mọ́ àdéhùn náà ní 1991. Ní ọdún 2003, a ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti orílẹ̀-èdè wa, abala kejìlá rẹ̀ sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń gba àkókò ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ kò gba ohun tí òun fún un. Ohun tí òfin fún un ni ó ń gbà.

A mọ̀ pé àwọn tí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ wa ní èsì lẹ́nu, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ máa ń jà, wọ́n máa ń ṣubú, òbí a sì wá bá ilé-ìwé jà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ṣubú rí kò mọ bí a ti ń dìde. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má rá a lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ ni pé kí olùkọ́ kan tàbí méjì wà ní ìta pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa ṣọ́ wọn, kí wọ́n má sì di ẹni tí ń darí gbogbo eré. Ìsinmi tí kò ní olùṣọ́ léwu; àwa kò gbè é lẹ́yìn.

Wọ́n tún ní bí ọmọ bá ti jáde, kì í fẹ́ wọlé mọ́, àti pé àwọn alájàpá ẹnu ọ̀nà ń ta oúnjẹ tí eṣinṣin bà lé. Èyí náà jẹ́ òtítọ́ níbòmíràn. Ìsinmi gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó sì ní òpin; nígbà tí agogo bá lù, kí gbogbo ọmọ wọlé. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi hàn ní ọdún 2012, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ nílé-ìwé, pé a lè fi àwọn ìyá alásè sí ipò kí ọmọ máa rí oúnjẹ gbígbóná jẹ. Àṣìṣe tí ó wà nínú bí a ti ń ṣe nǹkan kan kò sọ pé kí a pa nǹkan náà rẹ́. Bí eku bá wọ inú àká, eku ni à ń lé, a kì í dáná sun àká.

Èsì tí ó wọ́pọ̀ jù wà lẹ́nu àwa òbí fúnra wa. A máa ń wí pé, "Owó ìwé ni mo san, n kò san owó eré." Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tí ó ra àgbàdo gbígbìn kò ní kí a má fi àyè sáàrin ebè, nítorí pé ilẹ̀ ni òun sanwó fún. Àyè tí ó wà láàrin ebè ni ó ń jẹ́ kí àgbàdo yọ ọmọ. Bí a bá gbìn ín pọ̀ mọ́ra, yóò hù, yóò ga, ewé rẹ̀ yóò tutù lójú ẹni tí ń kọjá. Ìgbà ìkórè ni a ó tó mọ ohun tí a ṣe.

Nítorí náà, a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún olúkúlùkù.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ilé-ìwé ní sáà tí ń bọ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ẹ béèrè pé: ìṣẹ́jú mélòó ni àwọn ọmọ fi ń sinmi lójúmọ́? Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣeré. Kí ẹ sì béèrè pé, bí ọmọ bá ṣẹ̀, ṣé a máa ń fi ìsinmi jẹ ẹ́ níyà? Ilé-ìwé tí kò lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ògiri rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, tí aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní tai lọ́rùn, ẹ tún un rò. Oníṣòwò kì í ra ìtì aṣọ láì tú u wò. Kí ló dé tí a ó fi ra ẹ̀kọ́ ọmọ láì wo àgbàlá?

Ẹ̀yin olùkọ́, a mọ̀ pé iṣẹ́ yín wúwo, a sì mọ̀ pé owó yín kò tó iṣẹ́ yín. Àkókò ìsinmi jẹ́ tiyín pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó jókòó díẹ̀, tí ó mu omi, tí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í tètè bínú sí ọmọ ní ọ̀sán. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹ wá ìjìyà mìíràn: kí ó gbá ilẹ̀ kíláàsì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tàbí kí ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní Ọ̀tọ̀-Ìjànìkin, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí ẹ ń kọ́ wọn, kí wọ́n má bàa jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ láì mọ̀ pé ọmọ ní ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin onílé-ìwé tí kò ní ilẹ̀, a kò ní kí ẹ ti ilé-ìwé yín lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé ọkọ̀ kúrò nínú àgbàlá títí ilé-ìwé yóò fi parí. Ẹ lè jẹ́ kí kíláàsì kan jáde lẹ́yìn òmíràn, kí ìwọ̀nba àyè tí ó wà lè gba gbogbo wọn. Ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí ó súnmọ́ ara wọn lè da owó pọ̀, kí wọ́n gba ilẹ̀ kan, kí wọ́n mọ odi yí i ká, kí àwọn ọmọ máa lò ó ní ẹ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Àwórì, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ parí sí. Lójoojúmọ́ ni a ń ta ilẹ̀ ní agbègbè yìí, plọ́ọ̀tì lẹ́yìn plọ́ọ̀tì, ilẹ̀ tí a bá sì ti tà lónìí kò tún ní padà wá bá ọmọ wa. Ẹ yà díẹ̀ sọ́tọ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan fún eré àwọn ọmọdé kí ó tó tán. Kí àwọn tí ń bẹ ilé-ìwé wò fún ìjọba sì wọn àgbàlá bí wọ́n ti ń ka bẹ́ǹṣì. Ọmọ tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ kò ní ìbò lónìí, kò sì lè kọ̀wé sí ìwé ìròhìn. Ìdí nìyí tí àwa fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kò ju báyìí lọ. Bí agogo bá lù lọ́la ní ilé-ìwé ọmọ yín, tí ariwo sì ta, tí eruku sọ, tí ẹni kan ń pariwo pé òun ni ó kàn, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì ṣe ní kí a pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ ni àwọn náà ń ṣe lọ́wọ́ yẹn.